Wàrà Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá torí ẹ rò pé wọ́n kàn ń rán yín níṣẹ́ lásán, gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún 38 ni mo fi jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ n'Íbàdàn kí ojú mi tó sọ pé ó tó. Mo kọ́ ọmọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn kan ṣe fúrídọ̀mù lọ́wọ́ mi, ijó la fi sìn wọ́n lọ. Àwọn kan lọ láìdágbére. Àwọn tó lọ láìdágbére yìí ni ọkàn mi kì í kúrò lára wọn.

Kàtúùnù kan ló mú mi gbé bírò. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, ó sì ń wo kàtúùnù àwọn ará Jàpáànù kan tí wọ́n ń pè ní Dragon Ball. Mo rò pé ìjà lásán ni. Mo jókòó tì í kí n lè mọ ohun tó ń wò, torí ohun tí ọmọdé bá wò sùn ló ń bá jí. Apá tí mo bá níbẹ̀ ló gbá mi láyà mú.

Akira Toriyama ni ẹni tó ya ìtàn náà. Ọdún 1984 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Weekly Shonen Jump, nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1986, ó ti dé orí tẹlifíṣọ̀n. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni ọkùnrin náà kú, ẹni ọdún 68. Púpọ̀ nínú yín mọ ìtàn náà láti ibi tó ti di pé wọ́n ń fò lójú ọ̀run, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fọ́ òkè. Ẹ bá mi padà sẹ́yìn, sí apá 16 títí dé 18, nígbà tí Goku, ẹni tí ìtàn náà dá lé, ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin kékeré tó ní ìrù.

Ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ ìjà lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń gbé erékùṣù kékeré. Kame-sennin lorúkọ bàbá náà, àwọn mìíràn ń pè é ní Master Roshi. Kame ni wọ́n ń pe ìjàpá lédè wọn, bàbá yìí sì gbé karawun ìjàpá kọ́ ẹ̀yìn. Nínú àlọ́ tiwa, olè àti ẹlẹ́tàn ni Ìjàpá, òun ló jí ẹ̀bẹ gbígbóná nílé àna tó fi fìlà dé e mọ́rí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànù, àmì ẹ̀mí gígùn ni. Èyí yà mí lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo rí ohun tí karawun yẹn wá dúró fún, mo gbà fún wọn.

Ọmọ kejì dé, Krillin lorúkọ tirẹ̀. Ó ti wà nílé àwọn mọ́ǹkì tẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tó ń gbé pọ̀ nílé ẹ̀sìn wọn, níbi tí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń fìyà jẹ ẹ́. Ó gbọ́n féfé. Ẹ̀bùn tó mọ̀ pé bàbá náà máa fẹ́ ló mú wá kí wọ́n lè gbà á, ìwé àwòrán obìnrin oníhòòhò ni. Bàbá náà sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: ìwà àgbàlagbà yẹn sí obìnrin kò dára, inú mi kò dùn sí i rárá, mo sì sọ ọ́ lójú ọmọ ọmọ mi. Ẹ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ẹ má kọ́ ìwà burúkú mọ́ ọn. Ìwọ ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́, bí ọ̀gá bá ń nawọ́ síbi tí kò yẹ, dìde, kó ẹrù ẹ, wá sọ fún àgbà tó lè gbà ọ́. Kò sí iṣẹ́ kankan lábẹ́ ọ̀run tó tó kéèyàn fi ara jìn fún un.

Bàbá náà mú òkúta kan, ó kọ kame sí i lára, ó jù ú sínú igbó. Ẹni tó bá rí i ló máa jẹun alẹ́, ẹni tí kò bá rí i yóò fi ebi sùn. Kò pẹ́ tí Krillin fi mú òkúta dé, ó ń fẹyín. Òkúta míì ló mú, òun fúnra rẹ̀ ló kọ kame sí i. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kì í ṣe ìkọ̀wé òun.

Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí. Torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọmọ kan lọ́dọ̀ mi ló gbé etí bùbá tí mo ní kó fi ọwọ́ rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, ó sanwó kí wọ́n bá a rán an. Ó gbé e fún mi, ó mọ́ rekete. Ó mọ́ ju ọwọ́ ọmọ olóṣù mẹ́rin lọ. Ṣé mo wá lè jókòó ti ọmọ lójoojúmọ́ kí n má mọ bó ṣe ń fa okùn? Ọmọ yẹn máa ń fa okùn le ní apá òsì, aṣọ a sì máa súnkì díẹ̀ níbẹ̀. Ti ọjọ́ yẹn kò súnkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣẹ́ ẹlòmíì fi sílẹ̀ fún olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí fóònù bá yín kọ ọ́, ọwọ́ yín ní ìkọ̀wé tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ yín mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ìtàn náà yí sí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Goku ló wá òkúta náà rí nígbẹ̀yìn, Krillin sì fi ẹ̀tàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣiṣẹ́ fi ebi sùn. Àmọ́ ẹja tí wọ́n sè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹja olóró ni, fugu ni wọ́n ń pè é, ẹja tó jẹ́ pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ nìkan ni òfin Jàpáànù gbà láyè pé kó sè é tà. Gbogbo ẹni tó jẹ nínú rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Goku tí kò jẹun ló dìde láàárọ̀, tí ara rẹ̀ le koko.

Ọmọ ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, torí mo ti pẹ́ láyé. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni oró máa ń wà nínú ẹja. Mo mọ ẹni tó rẹ́ni jẹ tó jẹun yó, tó sì sùn dáadáa, ó ti kọ́lé. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹ máa rí i kí wọ́n ṣàìsàn. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé Goku ló wá inú igbó yẹn kiri, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń rí òkúta nínú koríko. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n rò pé ìjà kù. Bàbá jí wọn ní ìdájí, ó gbé ìgò wàrà lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ máa pín in láti ilé dé ilé. Kò ní kí wọ́n rìn. Wọ́n á máa fò lókè lódò títí wọ́n á fi dé ibì kan, wọ́n á máa lọ́ sọ́tùn-ún sósì láàrin igi, wọ́n á gun àtẹ̀gùn tí kò lópin, wọ́n á gba inú omi tó ń ṣàn kíkankíkan kọjá, kí ìgò kankan má sì fọ́. Lẹ́yìn wàrà, oko. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi tú ilẹ̀. Ní ọ̀sán, ìwé kíkà, oúnjẹ, oorun díẹ̀. Wọ́n jí, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, wọ́n wẹ̀ nínú adágún tí ẹja eléyín mímú wà, bàbá so wọ́n mọ́ igi kí wọ́n máa yẹ̀ fún oyin tó ń lé wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí lójoojúmọ́, àmọ́ láti ọ̀la lọ wọ́n á gbé karawun oníkílò 20 pọ̀n. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di kílò 40. Oṣù 8 ni. Kò kọ́ wọn ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo.

Títú ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tèmi. Màá gbé aṣọ tí a rán wọ́ fún un, pẹ̀lú abẹ, kó tú u ní okùn kọ̀ọ̀kan, kó má gé aṣọ. Oṣù mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan sunkún sí mi lọ́rùn lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ̀yin Mọ́mì, ìgbà wo ni mo máa gé aṣọ?” Mi ò dáhùn dáadáa, inú ń bí mi lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó gba ẹnu ẹ̀ mọ́ra. Kò padà wá mọ́. Ká ní mo bá a jókòó kí n fi hàn án pé ìka ẹ̀ ti ń mọ ibi tí okùn ti máa já kó tó fà á, bóyá ì bá dúró. Ó ti tú aṣọ débi tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń rán an, kò kàn tíì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Ìwọ ọmọ yẹn, bí o bá ń ka ìwé yìí, mo tọrọ àforíjì.

Mo mọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n inú yín máa sọ. Wọ́n á ní Goku náà ni ó wo bàbá yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ń ta Kamehameha, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí wọ́n ń ti àtẹ́lẹwọ́ ta jáde, ohun tó gba bàbá ní ọdún 50 láti mọ̀, tí Goku sì ta tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà lórí òkè ti ń kọ́ ọ tipẹ́. Ti bàbá sì gbá òkè lọ, ti ọmọ náà kò ju kó ba ọkọ̀ kan jẹ́ lọ.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi gbè lẹ́yìn ọ̀gá tó ń jẹ yín run. Èmi náà lo ọdún kan lọ́dọ̀ ẹnì kan nígbà èwe, omi ni mo ń pọn, oko rẹ̀ ni mo ń ro, kò jẹ́ kí n sún mọ́ ẹ̀rọ, a kì í sì í yó. Mo kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ṣé ẹ rí i, bàbá Kame-sennin náà fò nígbà tó ń pín wàrà pẹ̀lú wọn, karawun wà lẹ́yìn òun náà. Ó fún wọn ní ìwé, ó fún wọn ní oorun. Bí ọ̀gá rẹ bá rán ọ níṣẹ́, bi ara rẹ léèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: kí ni ọwọ́ mi mọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí o bá wá a tí o ò rí i, tí ebi sì ń pa ọ́, má dúró.

Ọjọ́ tí Tenkaichi Budokai, ìdíje ìjà ńlá tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá ní kí wọ́n bọ́ karawun sílẹ̀ kí wọ́n fò. Wọ́n fò, wọ́n sì lọ sókè débi pé ẹ̀rù ara wọn bà wọ́n.

Ọmọ ọmọ mi dá ibẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ó wọ yàrá lọ, ó gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀ tí ìwé kún inú rẹ̀ pọ̀n, ó ń fò kiri pálọ̀ títí òógùn fi bò ó. Ó sọ báàgì kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó fò.

“Màmá, ẹ rí i? Ẹ rí bó ṣe ga?”

Mo ní mo rí i.