Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé àti Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí a bí nígbà tí oṣù wọn kò tíì pé, pàápàá àwọn tó pẹ́ lórí ọ́síjìn kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn.

Ọ̀sẹ̀ 28 péré ni oyún ọmọ ọmọ mi nígbà tí wọ́n bí i, ó sì lò ju oṣù méjì lọ lórí ọ́síjìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, a jó, a gbà pé ó parí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, tàbí bí mo bá ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, ẹ óò rí i tí ẹran àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, tí kò ní lè jẹ́ wa lóhùn. Ikọ́ fée ni wọ́n ń tọ́jú níbi gbogbo tí a gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó bi wá ní iye ọ̀sẹ̀ tí oyún rẹ̀ jẹ́, àwa náà kò sì sọ, a rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1967 tí dókítà Amẹ́ríkà kan, William Northway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣe irú ọmọ yìí (bronchopulmonary dysplasia lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ọ́síjìn tó pọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sí àyà, tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí ọmọ là, lè pa ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì gbó lára. Lẹ́yìn ìbí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń yọ, ti irú ọmọ yìí kì í sì í pọ̀ tó. Ó sábà máa ń pààrà ilé ìwòsàn ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Bó bá dàgbà, èémí rẹ̀ lè má tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jọ ikọ́ fée lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ikọ́ fée kì í ran gbogbo wọn lọ́wọ́.

Mo bẹ àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Òkun, láti Kábà títí dé Ìsánlú níbí, kí wọ́n máa kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún àti iye ọjọ́ tí ọmọ lò lórí ọ́síjìn sára káàdì àjẹsára rẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ nìkan ló wà lára tiwa. Kí àwa ará ilé náà má ṣe jẹ́ kí èéfín igi àti ti sìgá dé ibi tó wà. Mo mọ̀ pé gàrí ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa fi ń jẹun, èmi náà kò sì fi í sílẹ̀. Mo kàn kó ààrò àti agbada lọ sí ìdí máńgòrò, níbi tí èéfín kì í ti í fẹ́ wọlé. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a gbé e dìde lóru.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí.