Ẹ Fún Àkúdàáyà Láyè Nínú Ìwé Ìròyìn Yín

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú èyí tí bàbá kan ti bẹ ẹ̀yin àti àwọn òǹtàwé pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé adẹ́rùbani dé ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá mọ́, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń kà á, ẹni tó bá sì bẹ̀rù Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. N kò fẹ́ bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 63 ni èmi náà, ìyá ìjọ ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì fi ọdún 31 ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkún yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, ìwé Stephen King, òǹkọ̀wé ìtàn adẹ́rùbani ará Amẹ́ríkà, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi lónìí jẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n sì fi ẹ̀bẹ̀ kan tì í.

Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí àkọ́kọ́ nínú wọn. Aláìsàn kan ti gba ilé lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé fún iṣẹ́ alẹ́, tí mo ń tún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tẹ́ fún ẹlòmíràn, ìwé kan jábọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, epo mọ́ínmọ́ín sì ti ta sí i lára. Misery ni orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ jù ú sínú àpótí tí a ń kó ohun tí àwọn aláìsàn bá gbàgbé sí, àfi bí mo ṣe rí i lẹ́yìn ìwé náà pé nọ́ọ̀sì kan wà nínú ìtàn ọ̀hún, àti pé nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ènìyàn rere. Inú bí mi. Mo ní kí n mọ irú ẹ̀tẹ́ tí òyìnbó yìí fẹ́ fi kan iṣẹ́ wa. Ní nǹkan bí aago kan òru, iná lọ, ẹni tó yẹ kó tan jẹnẹrétọ̀ kò tètè jí, mo bá há tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ àgbọ̀n, mo sì ń kà á lọ.

Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Paul Sheldon ló wa ọkọ̀ já sí kòtò nígbà tí yìnyín ń rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì fọ́. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí, Annie Wilkes, gbé e lọ sí ilé rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń sọ fún un pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìwé rẹ̀ tó òun láyé. Ìgbà tí obìnrin yìí wá rí i pé Paul ti jẹ́ kí ẹni tí òun fẹ́ràn jù nínú ìtàn kú, ó tì í mọ́ yàrá, ó ń fi oògùn ìrora so ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn so ewúrẹ́, ó ní àfi kó kọ ìwé mìíràn tí ẹni náà yóò fi jí dìde. Àwọn tó bá ti wo fíìmù rẹ̀ yóò rántí ohun tí obìnrin náà fi ẹsẹ̀ Paul ṣe. Kì í ṣe ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí. Ibi tí ọkùnrin náà ti ń fetí sílẹ̀ sí ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé oògùn bọ̀ ni mo ti pa ìwé dé, tí mo yí ojú wo wọ́ọ̀dù mi, nítorí pé mo mọ ojú ẹni tó ń retí oògùn ìrora nígbà tí àkókò rẹ̀ kò tí ì tó, mo sì mọ̀ pé lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run kékeré ni nọ́ọ̀sì jẹ́. Nínú ìwé tí King kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ọdún 2000, ó jẹ́wọ́ pé ọtí àti kokéènì ti mú òun lẹ́rú ní àwọn ọdún tí òun ń kọ ìtàn yìí, pé oògùn náà gan-an ni Annie. Ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló kọ ọ́. Bí mo sì ṣe wá di nọ́ọ̀sì, tí mo tún di ẹni tó fẹ́ràn ìwé ọkùnrin kan náà tayọ ààlà, àwọn ọmọ mi ní kí n máa ṣọ́ra, pé ìyá Annie ni mò ń dà lọ yìí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa ìwé rẹ̀ jọ, ọ̀kan lónìí, òmíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ìwé àlòkù nítòsí Ọjà Ọba. Bó bá ti rí mi lókèèrè, á ké sí mi: “Màámi nọ́ọ̀sì, ìwé iwin yín ti dé o!” Gbogbo ọjà á sì yíjú wò mí.

Ìtàn ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1947. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde nílé tí kò padà wá mọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà. Olùkọ́ ni King, owó oṣù rẹ̀ kò tó bùkátà, nígbà tó kọ ojú ìwé díẹ̀ nípa ọmọbìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní kò dára, tó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Tabitha, ìyàwó rẹ̀, ló lọ ṣà á jáde, tó gbọn eérú sìgá kúrò lára rẹ̀, tó ní kó kọ ọ́ parí. Ìwé náà ni Carrie, tó jáde ní 1974, tí wọ́n sì ta ẹ̀tọ́ àtitẹ ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ ní 400,000 dọ́là.

Ṣùgbọ́n Pet Sematary, tó jáde ní 1983, ló mú mi tí kò fi mí sílẹ̀ mọ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Louis Creed kó aya àti ọmọ méjì lọ sí ilé kan létí títì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń sáré kọjá lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ pa ológbò ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àgbàlagbà tó ń gbé ní òdìkejì títì wá mú un lọ sí ilẹ̀ kan nínú igbó, ní ìkọjá ibi tí àwọn ọmọdé ń sin ẹran ọ̀sìn wọn sí, torí pé ohunkóhun tí a bá sin síbẹ̀ ń padà wálé. Ológbò náà padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń rùn, ìwà rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù tún fi pa Gage, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kékeré. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo àwa tí a ń kà á ti mọ ohun tí bàbá náà yóò ṣe, a kàn ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn wa pé kó má ṣe é ni. King fúnra rẹ̀ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ọkọ̀ pa ológbò ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré pẹ̀lú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọ títì. Nígbà tó kọ ìwé náà tán, ó bà á lẹ́rù débi pé ó tì í sínú dúróò fún ìgbà pípẹ́.

Mo ti rí Louis Creed rí. Awakọ̀ ni, ọ̀nà Ondó ni wọ́n ti gbé òun àti ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Dókítà ti sọ fún un, èmi náà ti sọ fún un. Sálúbàtà ọmọ náà, ẹyọ kan ṣoṣo, tó ní òdòdó rọ́bà lórí, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára òdòdó náà ṣáá. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.” Mo tún un wò. Mo gbé ẹ̀rọ sí àyà ọmọ náà, mo sì ka ìṣẹ́jú kan gbáko lórí aago ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò sí ohun tí mò ń tẹ́tí sí. Bí ẹnì kan bá wọlé lóru ọjọ́ náà tó ní ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn àwọn òkè Ìdànrè tí a ń sin ọmọ sí tó fi ń padà wálé, bàbá yẹn ì bá ti gbé ọmọ rẹ̀ jáde kí n tó yíjú padà, n kò sì lè búra pé mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo ka Pet Sematary. Ẹkún tí n kò ráyè sun lóru ọjọ́ náà, orí àga nínú pálọ̀ mi ni mo ti sun ún. Ẹ bá mi bi bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn bóyá ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni mí lọ́jọ́ náà.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwa náà ní tiwa. Ta ni kò gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí nínú wa? Ọkùnrin kan kú ní Àkúrẹ́, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe òkú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ará àdúgbò rẹ̀ tó lọ ra ọjà ní Kánò bá a níbi tó ti ń ta aṣọ, ó ti láya, ó ti bímọ; bí ojú àwọn méjèèjì ṣe ṣe mẹ́rin, ó ní òun ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, wọn kò sì rí i mọ́. Òkú tí King jí dìde ń mú ọ̀bẹ. Tiwa ń ná ọjà, ó ń san owó ilé, ó ń mú ọmọ lọ sí ilé ìwé. Lójú tèmi, tiwa bani lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìyàwó tó fi sílẹ̀ ní Kánò: ta ló fẹ́? Ọmọ ta ló bí? Bí àwọn ọmọ náà bá dàgbà, tí wọ́n ní kí ó mú àwọn lọ mọ ilé bàbá àwọn, ìlú wo ni yóò mú wọn lọ, ilẹ̀kùn ta ni wọn yóò sì kàn? Lẹ́nu àwọn ìyá wa, ibi tí ọkùnrin náà ti pòórá ni ìtàn yìí máa ń parí sí, níbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé Fágúnwà ti ṣe èyí tán. A kì í fi Fágúnwà han ọmọ Ìpínlẹ̀ Ondó. Òkè-Igbó níbí ni wọ́n ti bí i, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ni bàbá mi sì máa ń kà sí wa létí títí tí kò fi ní sí ẹni tó lè dá jáde lọ tọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Fágúnwà, ọdẹ ló gbé ìbọn, tó wé oògùn mọ́ra, tó lọ bá ẹ̀rù nínú igbó. Bó bá ti padà délé, ara tù ú. Ti King ń bá ènìyàn nídìí ààrò. Fágúnwà a sì máa dúró gba òǹkàwé nímọ̀ràn lójú ọ̀nà, èyí tí King kì í ṣe. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, ebi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pa. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi Àjà Ló Lẹrù hàn wá láti 1969 pé èdè wa gba ìtàn ọ̀daràn inú ìlú, tọlọ́pàá tọkọ̀. Kò sí ìdí tí kò fi ní gba ti àkúdàáyà tó ń gbé ní yàrá kejì.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìtàn adẹ́rùbani ní èdè Yorùbá, kí ẹ jẹ́ kó máa tẹ̀ síwájú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kò sí owó ìtẹ̀wé lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó lè kọ ọ́, kò sì sí owó ìwé ńlá lọ́wọ́ àwa tó fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n a ń ra ìwé ìròyìn. King pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1996, nígbà tó gbé The Green Mile jáde ní ìwé pẹlẹbẹ mẹ́fà, ẹyọ kan lóṣù. Àwa la sì ti kọ́kọ́ ṣe é: láàárín 1929 sí 1930, Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ń kọ èyí sí yín, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló sì gbà pé ènìyàn gidi ni.

Níbi kan, mo wà lẹ́yìn bàbá náà: kì í ṣe oúnjẹ ọmọdé. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọ ọ̀kan kà láìgbàṣẹ, ó sì fi oṣù kan gbáko sùn sí àárín èmi àti ògiri. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí orí ojú ewé náà pé ti àgbà ni. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé yín kí wọ́n má ṣe gùn ún bíi ti King, ẹni tí ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ It, ti ọdún 1986, ju 1,000 ojú ìwé lọ. Mo fi oṣù méjì bá a jà, kí n wá bá aláǹtakùn ńlá kan níparí rẹ̀! Inú ń bí mi di òní olónìí.

Ìwé Misery àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò jù ú sínú àpótí ohun ìgbàgbé nígbà náà, Ọlọ́run yóò dárí jì mí. Bí ẹni tó ni ín bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, kó kọ̀wé sí yín, kó sì sọ àwọ̀ íńkì tó fi fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ní orí kejì. Bó bá gbà á, n ó dá a padà fún un. Mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Àbàwọ́n epo yẹn ni kò tí ì lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.