Ọjọ́ mẹ́ta kò tó láti kọ́ ìyá ọlọ́mọ lówò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún ta kánópì sí Mpape níbí ní Àbújá, wọ́n to àga, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, wọ́n ní àwọn wá kọ́ àwọn obìnrin tí kò rí já jẹ ní òwò kékeré. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n pín ìwé ẹ̀rí àti fílà, àwọn ọ̀gá bọ́ sáàárín, wọ́n ya fọ́tò, mọ́tò wọn sì gba ọ̀nà Maitama, àdúgbò àwọn olówó, padà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta! Aránṣọ ni mí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi kò tíì lè ran etí aṣọ kó gún.

Ẹni tó bá mọ Mpape mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn tó ń fọṣọ tí wọ́n ń gbálẹ̀ fún àwọn ará Maitama, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta ti pàdánù owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Kí ni wọ́n wá fún un? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi Òyìnbó ka ohun tó wà lára ògiri fún àwọn ìyá tó jẹ́ pé Haúsá àti Gbagyi ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín. Láti Gwoza ní ìpínlẹ̀ Borno ló ti sá wá nígbà tí ogun Boko Haram le, òun náà sì ti gba irú ìwé ẹ̀rí yìí ṣáájú. Ọṣẹ olómi ni wọ́n kọ́ ọ. N kò ní parọ́, ọṣẹ rẹ̀ dára, ó ki, ó sì ń hó. Ó mọ̀ pé wọ́n ń rẹ kọ́ọ̀sítíìkì sódà mọ́jú, ó mọ ìgbà tó yẹ kó da sọ́fónìkì sí i. Ó po lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó rọ ọ́ sínú ìgò àádọ́ta, ó ń tà á ní 250 náírà. Iye tó wọlé jẹ́ 12,500. Kẹ́míkà tó rà jẹ́ 11,000, inú rẹ̀ wá ń dùn pé òun jèrè 1,500. Mo fa páálí kan ya, mo ní kó jókòó. Èló lo ra ìgò? 1,500. Omi ńkọ́? 400. Owó mọ́tò lọ sọ́jà? 1,600. A rò ó pọ̀, ó di 14,500. Ẹgbẹ̀wá náírà ló ti wọlẹ̀ nínú ojú owó rẹ̀, a ò sì tíì ka àwọn ìgò tó tà láwìn. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tà á kí ojú owó má bàa run. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Kì í sì í ṣe pé ètò kò tíì pọ̀ tó. Better Life, ètò fún àwọn obìnrin ìgbèríko, dé ní 1987, NAPEP, ètò láti dín ìṣẹ́ kù, dé ní 2001, SMEDAN, àjọ tó ń rí sí òwò kéékèèké, dé ní 2003, TraderMoni tó kọ́kọ́ ń yá oníṣòwò kéékèèké ní 10,000 náírà nígbà náà dé ní 2018. Àmọ́ àwọn tó ń jókòó sọ́fíìsì tí wọ́n ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta wọ̀nyí, iye orí tó jókòó lábẹ́ kánópì ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sókè. Ta ló ṣì ń ta ọjà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Wọn kì í padà wá béèrè. Owó ìlú ni wọ́n sì ń ná o.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò jìnnà. Kí wọ́n fi àwọn obìnrin náà sọ́dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́. NDE gan-an, àjọ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1986, ní ètò tó ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì. Aránṣọ, onídìrí, alásè, oníbàtà, wọ́n kún Kubwa, Dutse àti Nyanya níbí ní Àbújá. Kí wọ́n fi ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Kí wọ́n máa sanwó fún ọ̀gá lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ìdajì dúró títí ọmọ iṣẹ́ yóò fi lè dá oníbàárà lóhùn fúnra rẹ̀, kó wọn aṣọ, kó dá iye lé e, kó rán an, kó sì gbowó. Ìyá ọlọ́mọ kò lè pa òwò òòjọ́ tì fún oṣù mẹ́fà, nítorí náà, àárọ̀ sí ọ̀sán ni kó máa wá, kí wọ́n fún un lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá ni yóò ti rí oníbàárà tó ń ná aṣọ títí èrè fi tán, tí yóò sì gbọ́ bí ọ̀gá ṣe dá a lóhùn láìbínú. Yóò rí ẹni tó fẹ́ gbé aṣọ lọ láàárọ̀ ọdún Iléyá láìsan ìyókù owó. Yóò mọ̀ pé owó òwú, láínì àti epo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kó tó kan owó ọbẹ̀. Yóò rí alájọ tó ń yà lójoojúmọ́, tó ń sàmì sí káàdì, tó ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Bí èmi àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ra máṣíìnì àkọ́kọ́ nìyẹn, kì í ṣe báńkì ló yá wa lówó.

Kí wọ́n máa fi Haúsá àti Gbagyi kọ́ wọn. Kí irinṣẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, kì í ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ebi yóò mú wọn tà á. Owó ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà ìjọba náà sì ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tèmi gba ọmọ iṣẹ́ méjì, máṣíìnì sì wà nílẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀gá mìíràn tí yóò gbà bí wọ́n bá pè wọ́n. Àwa aránṣọ máa ń ṣèpàdé; kí àwọn tó ń ṣètò èyí tó ń bọ̀ rán ẹnì kan wá jókòó tì wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó.

Èmi ni,
Aránṣọ kan ní Kubwa, Àbújá