Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ statistics tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe kó tó ṣe tirẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa bí àwọn yunifásítì ṣe ń kọ́ni ní statistics àti ìtúpalẹ̀ dátà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síwájú àwọn òǹkàwé yín, pàápàá àwọn olùkọ́, àwọn òbí tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba oyè nínú ẹ̀kọ́ yìí àfi tó bá ti mú ìwádìí kan tí ẹlòmíràn tẹ̀ jáde, tó gba dátà rẹ̀, tó sì tún un ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí èsì tirẹ̀ fi bá ti ìwé náà mu. Bí kò bá mu, kó lè fi ọwọ́ sọ ibi tí ọ̀nà ti yà, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, fọ́múlà ló ń gba ọdún méjì àkọ́kọ́. Dátà inú ìwé ẹ̀kọ́ mọ́ tónítóní: nọ́ńbà méjìlá, kò sí èyí tó sọnù, kò sí èyí tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún ìkẹyìn ni wọ́n á tó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó lọ kó dátà tirẹ̀ jọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Ó dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Karl Pearson di olórí ẹ̀ka statistics ní University College London ní 1911, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n fi ń ṣírò, nítorí náà ó tọ́ kí ìdánwò máa dán agbára ìṣirò wò. Lónìí kọ̀ǹpútà ń ṣe ìyẹn kí a tó ṣẹ́jú. Àṣìṣe kò sí nínú ìṣirò mọ́. Inú àwọn ìpinnu kéékèèké tí èèyàn ń ṣe kó tó tẹ bọ́tìnì ló kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tó ti di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ní 2010, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, tẹ ìwádìí kan jáde lórí gbèsè ìjọba. Wọ́n wo orílẹ̀-èdè 20 tó ti gòkè àgbà. Wọ́n ní níbi tí gbèsè bá ti ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, ọrọ̀ ajé kì í dàgbà mọ́: ìpíndọ́gba ìdàgbàsókè tí wọ́n rí jẹ́ ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìsàlẹ̀ òdo. Àwọn olóṣèlú gbé èsì náà gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Thomas Herndon, tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní University of Massachusetts ní Amherst, gba iṣẹ́ kíláàsì: kó mú ìwádìí kan, kó tún un ṣe. Ìwádìí yìí ló mú. Ó ṣírò títí, kò bá tiwọn mu. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fi fáìlì Excel wọn ránṣẹ́ sí i, ohun tó yẹ ká yìn wọ́n fún. Inú fáìlì yẹn ló ti rí i pé fọ́múlà ìpíndọ́gba bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 30, ó sì dúró ní ìlà 44, nígbà tó yẹ kó dé 49. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀: Australia, Austria, Belgium, Canada àti Denmark. Nígbà tí òun àti olùkọ́ rẹ̀ méjì, Michael Ash àti Robert Pollin, tẹ tiwọn jáde ní 2013, ìdá 2.2 lókè òdo ni wọ́n rí. Àwọn tó kọ ìwé àkọ́kọ́ gbà pé àṣìṣe wà nínú Excel náà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé ó ba kókó ọ̀rọ̀ wọn jẹ́.

Excel yẹn ni gbogbo èèyàn ń rántí, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló wúwo jù. Nǹkan bí ìdá 0.3 péré ló yí padà. Ìyókù wá láti inú àwọn ọdún tí wọn kò kà mọ́ ọn àti bí wọ́n ṣe pín ìpíndọ́gba. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ọdún 19 lókè ìdá 90 yẹn, ìdàgbàsókè rẹ̀ sì jẹ́ 2.4 ní ìpíndọ́gba. Ní ti New Zealand, ọdún kan ṣoṣo ló wọnú ìṣirò náà, ìyẹn 1951, ọdún tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ fà sẹ́yìn ní ìdá 7.6. Bí a bá mú àwọn méjèèjì yìí nìkan, tí a ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, a ó mú 7.6 kúrò lára 2.4, a ó pín in sí méjì: 2.6 ní ìsàlẹ̀ òdo. Bí a bá ní kí ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, 19 lọ́nà 2.4 jẹ́ 45.6, a yọ 7.6, ó ku 38. A pín in sí ọ̀nà 20, ó jẹ́ 1.9 lókè òdo. Nọ́ńbà kan náà ni. Ẹnikẹ́ni kò purọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, nítorí ẹni tó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan lè sọ pé ọdún 19 nínú ilé kan náà kì í ṣe ẹ̀rí 19 tó dá dúró, kò sì jẹ̀bi pátápátá. Ohun tó jẹ ẹ̀bi ni kó yan ọ̀nà kan kó má ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Kò sí ìdánwò oníwákàtí mẹ́ta tó lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí.

Bí mo ṣe rò pé kí iṣẹ́ náà lọ nìyí, láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì mú ìwádìí kan tí dátà rẹ̀ wà ní gbangba, kí wọ́n sì yan tábìlì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tún gbogbo ìwé náà ṣe kò ní parí. Kí wọ́n tó ṣí fáìlì rárá, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan ka ibi tí àwọn olùwádìí ti ṣàlàyé ọ̀nà wọn, kí wọ́n sì kọ gbogbo ìpinnu tó wà níbẹ̀ sílẹ̀: ta ni wọ́n kà, ta ni wọ́n yọ, kí ni wọ́n ṣe sí àlàfo, ìyẹn ibi tí kò sí ìdáhùn, báwo ni wọ́n ṣe pín ìpíndọ́gba. Ibi tí ìwé náà bá ti dákẹ́, kí wọ́n fi àmì sí i, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa padà sí. Fáìlì tí wọ́n gbà, kí wọ́n má fi ọwọ́ kàn án. Inú kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, ni kí gbogbo àtúnṣe wà, kí ẹlòmíràn lè ní kí kọ̀ǹpútà tún un ṣe láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka iye ìlà tó wà nínú fáìlì náà, níbi tí ìlà kan ti dúró fún èèyàn kan. Bí ìwé bá sọ pé èèyàn 1,204 ni, tí fáìlì sì ní 1,260, kí wọ́n má tíì ṣírò ohunkóhun. Èèyàn 56 yẹn, níbo ni wọ́n gbà jáde? Mo mọ àwọn olùkọ́ tó máa sọ pé iye ìlà kò tó ohun tí à ń fi ọ̀sẹ̀ kan wá. Ó tó o. Bí iye kò bá bára mu, èsì tó bára mu lẹ́yìn náà kò ju oríire lásán lọ.

Àlàfo ló ń kó bá èèyàn jù. Àwọn tó ń kó dátà sábà máa ń kọ 99 tàbí 999 sí àyè ẹni tí kò dáhùn. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ 50 tí a bi ní ọjọ́ orí: 45 dáhùn, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 21, márùn-ún dákẹ́. Bí a bá fi 999 sí àyè àwọn márùn-ún yìí, tí a gbàgbé láti yọ ọ́, ìpíndọ́gba á di 118.8, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ 99 ni, á di 28.8. Èyí kò pariwo. Ó jọ ọjọ́ orí gidi, á sì gba abẹ́ ojú olùkọ́ alábòójútó kọjá wọ inú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Nítorí náà, iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù nínú òpó (column) kọ̀ọ̀kan ni kí a kọ́kọ́ wò, ká sì ya dátà náà ní àwòrán, ká tó gba ìpíndọ́gba kankan gbọ́. Francis Anscombe, onímọ̀ statistics, ti fi èyí hàn ní 1973 pẹ̀lú dátà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì 11. Ìpíndọ́gba wọn dọ́gba, ìlà tó gba àárín wọn kọjá jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tó yà wọ́n, ọ̀kan tẹ̀ bí ọrun, òmíràn sì to àmì mẹ́wàá jọ sórí ìlà òòró kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló jìnnà réré.

Dídá fáìlì méjì pọ̀ náà léwu. Fáìlì kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 300, èkejì ní máàkì wọn nínú kọ́ọ̀sì mẹ́rin. Bí a bá so wọ́n pọ̀, ìlà 1,200 ló máa jáde, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ pé rárá. Bí ẹnì kan bá wá ṣírò lórí ọjọ́ orí tàbí owó òbí nínú fáìlì yìí, bíi pé èèyàn 1,200 ló wà níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ṣe. Ìwọ̀n àìdánilójú ń dín kù bí square root iye ìlà ṣe ń pọ̀. Ìlà ti di ìlọ́po mẹ́rin, square root mẹ́rin sì jẹ́ méjì, nítorí náà á já sí ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́, èsì tí kò rinlẹ̀ á wá dà bí òótọ́ tó dájú.

Ti sọ́fítíwíà kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gba oorun lójú èèyàn. Nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ numpy máa ń fi n, ìyẹn iye dátà, pín láti wá standard deviation (ìwọ̀n bí dátà ṣe fọ́n ká sí), òmíràn tó ń jẹ́ pandas sì máa ń fi n−1 pín, bí a kò bá yí i padà. Níbi tí dátà bá jẹ́ mẹ́wàá, ìyàtọ̀ wọn ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. R, sọ́fítíwíà statistics kan, yí bó ṣe ń ṣa nǹkan bí ẹni ṣẹ́ kèké padà ní ẹ̀dà 3.6.0 ní 2019, tó fi jẹ́ pé kóòdù kan náà pẹ̀lú seed kan náà (nọ́ńbà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ kèké náà) lè mú àwọn ẹlòmíràn jáde. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó lò sílẹ̀, ó parí.

Lẹ́yìn tí tábìlì bá ti bára mu ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìwádìí náà ní ìbéèrè. Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye èèyàn tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀? Fọ́múlà Taro Yamane ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: a pín N, iye gbogbo àwọn tí ìwádìí kàn, sí ọ̀nà 1 + Ne², níbi tí e jẹ́ àṣìṣe tí a lè gbà mọ́ra. Bí N bá jẹ́ 10,000, tí e sì jẹ́ 0.05, ó jẹ́ 385. Bó ti wù kí N tóbi tó, kò ní kọjá 400. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé fọ́múlà yẹn gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a ṣà bí ẹni ṣẹ́ kèké láti inú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ pé kíláàsì 20 ni olùwádìí wọ̀, tó mú èèyàn 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà ní kíláàsì kan náà máa ń jọra. Bí ìjọra náà bá jẹ́ 0.05 péré, níbi tí 1 túmọ̀ sí pé wọ́n jọra pátápátá, a ó fi 1 + 19 × 0.05, ìyẹn 1.95, pín 400 (19 ni èèyàn 20 inú kíláàsì kan dín ẹyọ kan). Nǹkan bí èèyàn 205 ni agbára dátà náà tó. Bákan náà, bí wọ́n bá dán nǹkan 20 wò, tí wọ́n sì ròyìn ẹyọ kan tí p rẹ̀ (bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú èsì bẹ́ẹ̀ yọ bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀) kò tó 0.05, kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé bí nǹkan 20 náà kò bá ní ìtumọ̀ kankan, tí wọ́n sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé ó kéré tán ọ̀kan á ṣì yọ jáde.

Àwọn kan á ní dátà aláìsàn kò ṣeé tú síta, òótọ́ sì ni. Yíyọ orúkọ kúrò nìkan kò tó: Latanya Sweeney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi hàn ní 2000 pé ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà àdúgbò tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ (ZIP code) lè tọ́ka sí nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà. Irú dátà bẹ́ẹ̀, kí olùwádìí ṣe ayédèrú rẹ̀ tó ní òpó kan náà, kó sì fi kóòdù rẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo kóòdù náà lórí ayédèrú, kó sì rí ìpinnu tó wà nínú rẹ̀.

Ó ku bí a ó ṣe fún wọn ní máàkì, ibi tí mo ti ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà lè bàjẹ́. Bí máàkì bá wà lórí pé kí èsì bára mu, akẹ́kọ̀ọ́ á máa yí nǹkan títí á fi mu, àrùn tí à ń wò gan-an nìyẹn. Kí máàkì 50 nínú 100 lọ sórí ìwé tí wọ́n kọ ìpinnu kọ̀ọ̀kan sí àti kóòdù tí olùkọ́ lè lò láìbi ẹnikẹ́ni. 30 sórí yíyí ìpinnu kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì sọ bí èsì ṣe yí. 20 sórí lẹ́tà oníwà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n kọ sí àwọn olùwádìí náà, yálà láti bèèrè ohun tí kò yé wọn tàbí láti fi ohun tí wọ́n rí hàn. Àwọn tí nọ́ńbà wọn kò bá ti ìwé mu, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè fi ìlà tí ọ̀nà ti yà hàn wá, kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ statistics kan