Lẹ́tà Ìparí Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwà Àwọn Ọmọkùnrin Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àfaradà. Lọ́jọ́ tí a bá gba ọlidé, ìwé èsì ìdánwò yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ óò rí máàkì ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, àyè kékeré kan wà tí olùkọ́ kíláàsì kọ ọ̀rọ̀ sí nípa ìwà ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ òbí kì í ka ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sáà yìí, bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì. Ọmọkùnrin méje ló wà lórí pápá. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi kọ́, sà." "Mi ò sí níbẹ̀, sà." Mo ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kí agogo tó lù, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ JS2, kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì. "Èmi ni mo gbá a, sà." Ó na ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí mi, owó igba-igba tó ti rún, tí òórùn epo ẹ́ńjìnnì ń ta lára rẹ̀. Mo bi í pé ta ló fún un. Ó ní bàbá òun kọ̀, kò fún òun. Òun fọ irin ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá òun lọ́jọ́ Sátidé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iye tí wọ́n ń san fún ọmọṣẹ́ ni wọ́n sì san fún òun. Mo bojú wòta. Bàbá náà wà lẹ́yìn géètì, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, kò wọlé. Nígbà tó rí i pé ọmọ ti jáde, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò wá bẹ̀bẹ̀. Kò na ọmọ lójú mi kí n lè mọ̀ pé òun ń bá a wí. Ó kàn jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn yẹn, láti géètì dé ọ́fíìsì. Owó náà kò tó ra gíláàsì, ilé-ẹ̀kọ́ ló fi kún un, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju kí ó tó lọ.

Nínú sáà yìí kan náà, òbí mìíràn wá pariwo lé olùkọ́ lórí nítorí pé a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. "Ọmọ tèmi kì í ṣe irú ẹ̀." Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́, ó sì mọ̀ pé òun ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Ní sáà kejì, ọmọ SS1 kan ja ìjà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé tí a fẹ́ fi lé e sílé ti wà lórí tábìlì mi, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Olùkọ́ wa kan ní kí n mú sùúrù. Ó pe ọmọ náà sábẹ́ igi máńgòrò, ó kàn bi í pé, "Ọ̀dọ̀ ta lò ń gbé báyìí?" Ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló kú, ó ti lé lóṣù kan. Wọ́n ti sin ín, wọ́n ti náwó, wọ́n ti jó, ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ yìí bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó fẹ́ sunkún níbi ìsìnkú, wọ́n ní akọ kì í sunkún, kó ṣe bí ọkùnrin. Ó wá ń fi ẹ̀ṣẹ́ sọ ohun tí wọn kò jẹ́ kó fi omijé sọ. N kò fọwọ́ sí ìwé náà. Èmi fúnra mi ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí àkọ́bí mi rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 10. Ó ti dàgbà kí n tó bẹ̀ ẹ́.

Ara ọmọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láàárín ọdún 9 sí 14. Ohùn á ki, irorẹ́ á yọ, ìbínú á sì yá. Ṣùgbọ́n apá ibi tó ń sọ féèyàn pé "dúró ná" nínú ọpọlọ kì í gbó tán títí ọmọ á fi tó nǹkan bí ọdún 25. Nítorí náà, bí tiyín bá ti ga jù yín lọ, ẹ má fi gíga rẹ̀ díwọ̀n ọgbọ́n rẹ̀. Òṣogbo ìlú aró ni wá. Àwọn ìyá aláró mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń mú jáde nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́. Ẹ máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ìwàásù wákàtí méjì lọ́jọ́ tí èsì bá burú kò lè ṣe é.

Ẹ fún un níṣẹ́ ilé pẹ̀lú. Ọmọbìnrin ọdún 12 ti gbálẹ̀, ó ti fọ abọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì wà lórí àga tó ń tẹ fóònù. Kó fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọlidé gígùn ló kàn yìí. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ nínú oṣù kẹjọ, àlejò yóò kún ìlú. Ẹ mọ ẹni tí ọmọ yín bá jáde àti aago tó ń wọlé. Ẹ fi í sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ télọ̀, káfíńtà tàbí aládìrẹ. Bí ẹ bá rí fóònù tàbí bàtà tí ẹ kò rà, ẹ béèrè lọ́jọ́ náà gan-an. Òbí tó bá gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16 láì bi í níbi tó ti rówó ti fọwọ́ sí ohunkóhun tó ṣe. Ní ti tẹ́tẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ fúnra wọn ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta á. Ṣùgbọ́n fóònù bàbá ni àwọn ọmọ kan fi ń ta á. Ẹ yẹ tiyín wò. Lálẹ́, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn: ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10.

Ọjọ́ ìwọlé nínú oṣù kẹsàn-án wà lẹ́yìn ìwé èsì. Yunifọ́ọ̀mù kò yí padà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwọlé, aago mẹ́wàá àárọ̀, mo fẹ́ rí ẹ̀yin bàbá, nítorí ìyá nìkan ló ń kún ìpàdé wa. Níbi tí bàbá kò bá sí, kí àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá bá wa wá. Ẹ̀yin ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ, ẹ máa bọ̀, àyè yín wà níwájú. Yàrá sáyẹ́ǹsì la óò lò, èyí tó ní gíláàsì tuntun yẹn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́,
Òṣogbo.