Lẹ́tà Ìparí Sáà Kìíní sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Odò àti Ìsinmi Ọ̀sán

Oṣù Kejìlá, 2024

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alágbàtọ́ àti ẹ̀yin àgbà abúlé wa létí odò Kobuk, ní Alaska,

Mo kí yín kú òtútù, mo kí yín kú ìmúra Kérésìmesì. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì ilé-ìwé yìí. Sáà kìíní ti parí, gbogbo ọmọ tí ẹ fi lé wa lọ́wọ́ ló sì pé. Bí ẹ bá rántí oṣù Kẹwàá, ẹ ó mọ̀ pé ọpẹ́ yìí ti ọkàn mi wá.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ka àwọn ìkéde. A ó ti ilé-ìwé ní ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù yìí, a ó sì wọlé ní ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kìíní, 2025. Káàdì èsì ti wà ní ọ́fíìsì; ẹ wá gbà á fúnra yín, a kì í fi rán ọmọ. Ìṣirò àwọn kíláàsì kékeré dára ju ti èṣí lọ, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ní kíláàsì kẹfà àti ìkeje ṣì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín nílé. Ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú abúlé Kiana kò wáyé nítorí kùrukùru kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú gbéra. Ó di oṣù Kejì. Àwọn tó ń múra fún Native Youth Olympics, ìdíje eré ìdárayá ìbílẹ̀ wa, ti ń dánra wò nírọ̀lẹ́. Anchorage ni ìdíje náà, ní oṣù Kẹrin, ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá sì já wálẹ̀ kò ní bá wa lọ. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá wà fún àsè Kérésìmesì àti eré ìbílẹ̀ títí ọdún tuntun, bí a ti máa ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọn ìrì dídì kúrò lára bàtà kí ẹ tó tẹ pákó ibẹ̀.

Lórí pípa ilé-ìwé jẹ: ẹ mọ̀ pé ogún ọjọ́ ilé-ìwé tó parí ní ọjọ́ Ẹtì kẹrin oṣù Kẹwàá ni Alaska fi ń ka akẹ́kọ̀ọ́, iye tí wọ́n bá kà ni wọ́n sì fi ń pín owó. Ìgbà náà sì ni àwọn ọdẹ ń retí karibú, àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù, létí odò. Agbo karibú wa tó tó nǹkan bí 490,000 ní 2003 ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 152,000 nínú kíkà ti 2023, nítorí náà n kò ní bá òbí jà pé ó mú ọmọ rẹ̀ lọ wá ẹran tí ilé yóò jẹ. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí ẹ sọ fún wa kí ẹ tó lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó sọ.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ọ̀sán ló jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn. Láti 6 oṣù Kìíní, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ilé-ìwé lọ́sàn-án, àfi bí òbí rẹ̀, tàbí àgbàlagbà tí òbí kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bá wá mú un. Ọmọ tó bá gun alùpùpù yìnyín, ọkọ̀ tí a fi ń sáré lórí ìrì dídì, wá yóò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, yóò sì gbà á nígbà tí a bá jáde. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lórí rédíò VHF, mo ti gbọ́ ti ilé ìtajà, mo sì ti gbọ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó yẹ kí n dáhùn.

N kò ní dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, méjì nínú àwọn ọmọ wa gun alùpùpù kan, wọ́n forí lé òdìkejì odò. Ìrì dídì ti bo ojú odò, ó tẹ́jú, ó funfun, kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí ilẹ̀. Wọn kò tíì dé àárín tí yìnyín fi là lábẹ́ wọn. Alùpùpù rì. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà tó wà létí bèbè, tí wọ́n da àyà délẹ̀ lórí yìnyín tí wọ́n sì ju okùn sí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí a gbé e dé kílíníìkì. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó wọ abúlé wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ òfurufú tí ìbá ti ìlú Kotzebue wá gbé e kò sì rí ojú ọjọ́ tó dára títí ilẹ̀ fi mọ́. Òru yẹn, ìjókòó la jókòó tì í.

Àwọn kan ní, ta ni ilé-ìwé tó fẹ́ fi yìnyín kọ́ ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà lórí yìnyín? Etí odò Kobuk yìí ni wọ́n bí èmi náà sí. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ mi pé bí ìrì dídì bá tètè bo yìnyín tó ṣì fẹ́lẹ́, òtútù kì í rí i mú, kì í sì í nípọn bọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí pé ẹnu odò kékeré kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pé ibi tí omi ti ń gbá bèbè níta kọ́rọ́ odò máa ń fẹ́lẹ́ jù, pé bí omi bá fà lẹ́yìn tí odò ti dì, ihò á wà lábẹ́ yìnyín. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń fẹ́ yìnyín gaara tó tó ínǹṣì mẹ́rin. Alùpùpù ń fẹ́ márùn-ún sí méje, bí yìnyín bá sì jẹ́ funfun tó ní ìrì dídì nínú, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́bàá ibi tí àwọn ọmọ yẹn já sí, kò tó mẹ́ta. Ìmọ̀ yín pé, n kò sọ pé kò pé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìṣẹ́jú oúnjẹ ọ̀sán ń lé lọ kò dúró bi ẹnikẹ́ni nínú yín léèrè, odò kò sì tètè dì mọ́ bíi ti ìgbà èwe yín. Ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà tí àwọn bàbá wa fi ń mọ ìgbà tí wọ́n lè sọdá odò kò ṣeé tẹ̀ lé mọ́.

Àwọn ìyá kan sọ pé a fẹ́ já ọmọ gbà kúrò nídìí ọbẹ̀ karibú aana wọn, ìyá àgbà wọn. Rárá o. Kí aana wá mú wọn, tàbí kí ó wá bá wọn jẹun níbí. A ti ya tábìlì sọ́tọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ láti 2014 fàyè gba ilé-ìwé láti gba ẹran ìgbẹ́ àti ẹja tí ẹ bá fi tọrẹ, kí a sì sè é fún àwọn ọmọ. Ẹ gbé sii yín wá, ẹja funfun ńlá inú odò wa, alásè wa ń retí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tó ní a ti fẹ́ padà sí ayé bọ́dìn, ilé-ìwé tó jìnnà sílé tí wọ́n ń kó ọmọ lọ gbé, níbi tí wọ́n ti ń ti ọmọ mọ́lé. Ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Ọmọdé ló wà nígbà tó lọ, nígbà tó sì fi máa padà, ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi kí ìyá rẹ̀. Ẹjọ́ Molly Hootch, ọmọbìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí àìsí ilé-ìwé girama ní abúlé, àti àdéhùn 1976 tó parí ẹjọ́ náà ló jẹ́ kí ìpínlẹ̀ gbà láti gbé ẹ̀kọ́ girama wá sí abúlé 126, kí ọmọ lè kàwé kí ó sì sùn sílé baba rẹ̀. Nítorí kí ọmọ lè padà délé ni ilé-ìwé yìí ṣe wà, ìdí kan náà ni mo sì ṣe ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe fi èyí wé tọ̀hún lójú mi mọ́.

Wọ́n tún ní a kò fi ọ̀rọ̀ lọ òbí. A ké ìpàdé lórí rédíò, a lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn tó wá sì sọ tiwọn. Àyè ṣì wà láti bá mi sọ̀rọ̀. Òfin náà kò ní yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń mú orí mi wú. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ sókè tó ń wọn yìnyín ti ṣe bẹbẹ ní sáà yìí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú àgbà kan láti inú ẹgbẹ́ awáni wa, àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù tàbí tó wà nínú ewu, wọ́n ń lu ihò sí ojú odò ní àwọn ibi tí a ti yàn, wọ́n ń wọn bí ó ti nípọn tó, wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Iñupiaq, èdè ìbílẹ̀ wa, kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ló ń kọ pátákó tí ẹ ń rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà. Mo ti rí awakọ̀ tó kà á tó sì yí padà. Ọmọbìnrin kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì ló ń ka iye náà lórí VHF ní alaalẹ́ báyìí, gbogbo abúlé sì ń dákẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ yìí náà ló bá àwọn àgbà dẹ àwọ̀n sábẹ́ yìnyín, ẹja tí wọ́n kó sì dé ilé àwọn opó. N kò rí iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé yìí tó ju èyí lọ. Ní oṣù Kìíní, wọn yóò bá àwọn awáni lọ ri òpó àmì sójú ọ̀nà orí odò. A ń fẹ́ igi wílò, a ń fẹ́ epo, a sì ń fẹ́ òbí méjì sí i tí yóò bá wọn lọ.

Ìwé kan wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà tó lè mú ọmọ yín lọ́sàn-án, ẹ fọwọ́ sí i, kí ọmọ sì mú un wá ní 6 oṣù Kìíní. Ọmọ tí ìwé tirẹ̀ kò bá sí lọ́wọ́ wa yóò jẹun ọ̀sán ní ilé-ìwé.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé