Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: fóònù ń dún, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ ohùn

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà.

Láti ìgbà tí a ti ń ṣe fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù yín, ẹjọ́ kan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa jù. Fóònù dún, ẹ gbé e, ẹ ní "hẹlóò", kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà mìíràn, ẹ̀ ń gbọ́ ẹni tó pè, òun ni kò gbọ́ yín. Àwọn kan nínú yín ti torí èyí ra fóònù tuntun. Ó dùn mí gan-an, torí fóònù kọ́ ló ṣẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìpè ń gbà. Ẹnu ọ̀nà yìí ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní pọ́ọ̀tù: nọ́ńbà lásán ni, láti 0 dé 65535, kì í ṣe ihò tí ẹ lè fọwọ́ kàn. SIP, ìlànà tí fóònù yín ń tẹ̀ lé, ń lo 5060. Iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe níbẹ̀. Òun ló ń sọ fún server wa, kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè yín, pé fóònù yín wà nílé, òun ló ń kéde pé ẹnì kan ń pè, òun náà ló ń sọ pé ìpè ti parí. Kì í gbé ohùn rárá. Ó kàn máa ń fi tó ìhà kejì létí pé, "Nọ́ńbà báyìí ni kí o fi ohùn ránṣẹ́ sí." Lórí Asterisk, ètò tí server wa fi ń darí ìpè, àárín 10000 sí 20000 ni nọ́ńbà ohùn wà, lórí UDP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, bí ẹni tó tún ráútà yín, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe bá ṣí 5060 nìkan, alárinà á wọlé, fóònù á dún, ohùn á há síta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó ṣí méjèèjì, ṣùgbọ́n fún àdírẹ́sì server wa nìkan. Àwọn olè ń wá 5060 tó ṣí sílẹ̀ kiri tọ̀sán-tòru, kí wọ́n lè fi owó yín pe òkè òkun.

Ẹ tún ní kí ó pa ohun kan nínú ráútà tí wọ́n ń pè ní SIP ALG. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní in. Ó ń tú iṣẹ́ tí alárinà ń jẹ́ wò, ó sì ń tún àdírẹ́sì inú rẹ̀ kọ. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pè é, àmọ́ òun ló ń ṣi ohùn lọ́nà lọ́pọ̀ ìgbà.

A ti ń kó yín kúrò ní 5060 lọ sí pọ́ọ̀tù 5061 díẹ̀díẹ̀. TLS, ìlànà tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ń bo ọ̀rọ̀ alárinà níbẹ̀, ráútà ò ní rí i kà débi tí yóò tún un kọ. Ohùn nílò ìbòrí tirẹ̀, SRTP. A ó ṣe é pọ̀.

Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ aago tí ìpè wọlé, nọ́ńbà tó pè, àti ta ni kò gbọ́ ta ni, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ò ní gba kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò rẹ̀.